Aláǹtakùn tẹ́ẹ́rẹ́ ti gba etí kòtò ẹja mi: ṣé kí n fín oògùn sí wọn?

Ìyá Gbọ̀mà (Àjàṣẹ́) · Ọjọ́ Àìkú, 8:14 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ bá mi dá sí i.

Mo ní ilẹ̀ kékeré kan létí ọ̀sà níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ibẹ̀ ni mo ti ń gbin gbọ̀mà, tẹ̀tẹ̀ àti ewédú tí mò ń gbé lọ tà ní ọjà Ouando. Mo tún gbẹ́ kòtò ẹja méjì síbẹ̀, àrọ̀ wà nínú ọ̀kan, epìyà wà nínú èkejì. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òjò ti ń rọ̀ léraléra, aláǹtakùn kan ti gba gbogbo etí omi mọ́ mi lọ́wọ́. Kì í ṣe èyí tí à ń rí lára ògiri ilé. Èyí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ọwọ̀ tí wọ́n ṣẹ́ sí méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn ju ara rẹ̀ lọ dáadáa. Bí ọwọ́ mi bá ti kan koríko báyìí, á sáré bọ́ sórí pòròpórò, á na gbogbo ẹsẹ̀ gbọọrọ, n kò ní rí i mọ́ àfi tí mo bá tẹjú mọ́ ọn. Ẹnu rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Nǹkan méjì yọ síwájú níbẹ̀ bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ.

Ohun méjì ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Àkọ́kọ́, àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, jí lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọgbẹ́ kan wà lọ́rùn rẹ̀ bí ibi tí omi gbígbóná dà sí. Ó fà gùn bí ìlà, ó sì ti lé, omi wà nínú rẹ̀. Alájọgbé mi ní aláǹtakùn yẹn ló tọ̀ sí i lára. Èkejì, àwọn oníbàárà mi ń rojọ́ pé okùn aláǹtakùn ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀fọ́ tí mò ń kó wá. Ọkùnrin tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà ti ní òun máa bá mi fín ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Oògùn tí wọ́n fi ń fín òwú ló ní lọ́wọ́. Ọjọ́rú ló fẹ́ wá. Ẹ dákun, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Alákétu · Ọjọ́ Àìkú, 8:31 alẹ́

Ìyá, ẹ jẹ́ kó wá fín in. Ọ̀rọ̀ ọmọ ló wà níbẹ̀ yìí. Èmi mọ ohun tí aláǹtakùn fi ojú ẹ̀gbọ́n mi rí ní Kétu. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìdì igi, ọwọ́ wú títí dé ìgbọ̀nwọ́, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni kò fi lè di ọkọ́ mú. Kòkòrò tó bá ti ní irú ẹnu yẹn, májèlé ló gbé sínú rẹ̀.

Bàbá Ẹlẹ́ja · Ọjọ́ Àìkú, 8:52 alẹ́

Oògùn òwú létí kòtò ẹja kẹ̀? Ìyá Gbọ̀mà, ẹ dákun, ẹ pe ọkùnrin yẹn lálẹ́ yìí, kẹ́ ẹ ní kó má wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, aládùúgbò mi fín ẹ̀wà rẹ̀ lọ́jọ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́ bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ mi. Láti oko rẹ̀ dé kòtò mi tó ogójì ìṣísẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, epìyà ti ń yí gbirigbiri lójú omi, wọ́n ń la ẹnu, wọ́n ń dojú ikùn funfun sókè. Mo bọ́ sínú omi tòun taṣọ, mò ń fi agbọ̀n kó wọn, mo rò pé bí mo bá tètè gbé wọn sínú omi tuntun, wọ́n á yè. Ìdajì ohun tó wà nínú kòtò ló bá a lọ. N kò tà á, n kò jẹ ẹ́. Mo gbẹ́lẹ̀ mo sin ín.

Cypermethrin, deltamethrin àti gbogbo ẹbí wọn tí wọ́n ń fín sórí òwú, ìwọ̀n tí adìẹ kò ní mọ̀ lára ló ń pa ẹja. Endosulfan tí wọ́n ń lò nígbà kan burú débi pé àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi orúkọ rẹ̀ kún àwọn oògùn tí wọ́n fẹ́ fòpin sí nínú Àdéhùn Stockholm lọ́dún 2011. Ẹ sì rántí pé ẹ̀fọ́ lẹ̀ ń tà. Wọn kò ṣe oògùn òwú fún ohun tí èèyàn máa ká lónìí tó máa sè lọ́la.

Arẹwà Òkè Ṣábẹ · Ọjọ́ Àìkú, 9:10 alẹ́

Mo gbà pẹ̀lú Bàbá lórí oògùn. Ṣùgbọ́n mo mọ aláǹtakùn yẹn o. Òun náà ni ńlá tó máa ń ta àwọ̀n sáàárín igi, tí okùn rẹ̀ ń dán bí wúrà, tó le débi pé á fà mọ́ni lójú bí a bá ń gba ọ̀nà oko kọjá láàárọ̀. Èyí tó wà lẹ́bàá òkè tiwa fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé tòun tẹsẹ̀. Kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún un.

Tíṣà Kòkòrò · Ọjọ́ Àìkú, 10:03 alẹ́

Arẹwà, ọ̀tọ̀ ni èyí tó o wí, ọ̀tọ̀ ni ti Ìyá Gbọ̀mà. Trichonephila ni àwọn onímọ̀ ń pe tìẹ. Àwọ̀n tirẹ̀ nàró láàárín igi méjì, okùn rẹ̀ pọ́n bí wúrà lóòótọ́. Ti Ìyá kò tóbi tó bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ẹ bá wọn ara rẹ̀ láìka ẹsẹ̀ mọ́ ọn, bí 1 sẹ̀ǹtímítà ni.

Ìyá, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe júwe rẹ̀, Tetragnatha ni. Latreille, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló fún un lórúkọ yẹn ní 1804. Èdè Gíríìkì ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni «àgbọ̀n mẹ́rin», nítorí ẹnu tó ń bà yín lẹ́rù yẹn. Irú rẹ̀ lé ní 300 láyé. Ọ̀kan tó tàn ká àwọn ilẹ̀ olóoru ni Tetragnatha nitens. Èyí tí wọ́n rí ní Íjíbítì ni onímọ̀ kan, Audouin, fi kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1826, ṣùgbọ́n ó wà ní Áfíríkà, Éṣíà, Amẹ́ríkà, títí dé New Zealand. Ìyàtọ̀ láàárín irú kan àti èkejì wà lára eyín ẹnu wọn àti ẹ̀yà ìbímọ wọn, abẹ́ máíkírósíkóòpù ni wọ́n sì ti ń yà á, nítorí náà ojú lásán kò lè sọ bóyá nitens ni tàbí àbúrò rẹ̀. Ìwà wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra.

Bí wọ́n ṣe ń tàn kálẹ̀ yẹn, atẹ́gùn ni ọkọ̀ wọn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin á gun ṣóńṣó ewé, á gbé ìdí sókè, á tú okùn fẹ́lẹ́ kan sílẹ̀, atẹ́gùn á sì gbé e. Darwin, onímọ̀ nípa ohun alààyè, rí irú ìrìn àjò yìí lórí ọkọ̀ òkun Beagle ní 1832, nígbà tí àwọn aláǹtakùn wẹ́wẹ́ já bọ́ sórí okùn ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ jìnnà sí wọn tó bí 100 kìlómítà.

Ẹ lọ wo àwọ̀n rẹ̀ dáadáa. Kì í nàró bíi ti aláǹtakùn mìíràn. Ó máa ń tẹ́ẹ sílẹ̀ lókè omi, tàbí kó dagun díẹ̀, ihò sì wà láàárín rẹ̀ gan-an, torí pé bó bá hun ún tán, á gé àárín yẹn kúrò. Àwọn kòkòrò tó ń fò jáde látinú omi ló ń dẹ ẹ́ dè, ẹ̀fọn àti kantíkantí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Alẹ́ ló ń ta á. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́, á ti jẹ okùn náà padà sínú. Lọ́sàn-án, á na ẹsẹ̀ mẹ́rin síwájú, méjì sẹ́yìn, méjì kúkúrú tó wà láàárín ló fi ń di pòròpórò mú. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń wá a tì.

Ẹ̀mú ẹnu yẹn sì ní iṣẹ́ mìíràn. Bí akọ bá fẹ́ gun abo, ẹ̀mú ni wọ́n á kọ́kọ́ fi di ara wọn mú, ojú kojú. Akọ ní ìwọ̀ kan lórí tirẹ̀ tó fi ń há eyín abo, kí abo má baà bù ú jẹ. Èèyàn kò sí nínú ọ̀rọ̀ wọn. Kì í bu ènìyàn jẹ àfi bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, oró rẹ̀ kò sì lágbára lára wa.

Arẹwà Òkè Ṣábẹ · Ọjọ́ Àìkú, 10:20 alẹ́

Ẹ ṣé, Tíṣà. Mo ti gbọ́. Èyí tó ń dán bíi fàdákà ńkọ́, tó ní àwọ̀ ewé lára, tí àwọn náà máa ń wà létí odò?

Tíṣà Kòkòrò · Ọjọ́ Àìkú, 10:26 alẹ́

Leucauge ni yẹn. Ẹbí kan náà ni wọ́n, àmọ́ ẹnu tirẹ̀ kúrú. Òun náà kò ní wàhálà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà · Ọjọ́ Ajé, 6:40 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ti ń tọ́jú aláìsàn fún ọdún 19. Ọgbẹ́ ọmọ yẹn ló gba ọkàn mi. Ìyá Gbọ̀mà, ẹ dá mi lóhùn: ṣé iná wà níbi tí ọmọ sùn sí lálẹ́ Ọjọ́rú? Ṣé ọgbẹ́ náà ń ta á bí iná, àbí ó ń yún un? Ṣé ojú ẹyọ kan ni, àbí ó tún wà níbi tí awọ ọrùn ti ń pàdé ara wọn?

Ìyá Gbọ̀mà (Àjàṣẹ́) · Ọjọ́ Ajé, 7:15 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ ma. Ooru mú lọ́jọ́ náà, a tẹ́ ẹní síta lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Iná funfun tí a fi ń ṣọ́ kòtò ẹja wà lókè orí wa, a kò pa á. Ó ń ta á, ó ní ó gbóná. Bẹ́ẹ̀ ni, ó jẹ́ méjì, ìkan kojú ìkejì níbi tí ọrùn ti ń kákò.

Nọ́ọ̀sì Àgbà · Ọjọ́ Ajé, 7:48 àárọ̀

Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ dáhùn dáadáa. Aláǹtakùn kọ́ nìyẹn, kì í sì í tọ̀ sí èèyàn lára.

Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Paederus. Bí ẹ bá rí i, èèrà ńlá lẹ ó pè é. Orí rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, ìyẹ́ rẹ̀ kúrú, ó dúdú ó sì ń dán bí aró, ikùn rẹ̀ pọ́n, ìdí rẹ̀ dúdú. Kò gùn tó 1 sẹ̀ǹtímítà. Ilẹ̀ tútù, oko ìrẹsì, etí omi ni ilé rẹ̀, iná ló sì máa ń wá lálẹ́, àgàgà nígbà òjò. Kì í ta, kì í bu jẹ. Àmọ́ bó bá rìn lára ọmọ tó ń sùn, tí ọmọ fi ọwọ́ gbá a, tó fọ́, omi ara rẹ̀ ló ń jó awọ bí iná. Ibi tí ọwọ́ bá fà á gbà ni ọgbẹ́ ń gbà, ìdí rẹ̀ tó fi gùn bí ìlà nìyẹn. Bí ọrùn bá kákò, apá kan á kó ran apá kejì. Kì í yọ lójú ẹsẹ̀, ó lè tó wákàtí 24 kó tó hàn, nítorí náà àwọn èèyàn máa ń jí, wọ́n á sì ka ọ̀ràn náà sí ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bá rí lára ògiri.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tútù fọ̀ ọ́. Ẹ má bẹ́ ẹ, ẹ má fi ẹ̀tù tàbí epo bẹtiróòlù sí i. Ẹ fọ aṣọ àti ẹní tí ó sùn lé. Bí ojú bá kan, tàbí tó ń ṣọyún, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lónìí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, á gbẹ, ojú ibẹ̀ á dúdú fún ìgbà díẹ̀. Láti òní lọ, ẹ pa iná yẹn kẹ́ ẹ tó sùn, bí ẹ bá sì rí kòkòrò náà lára, ẹ fẹ́ ẹ dànù pẹ̀lú ẹnu. Ẹ má ṣe gbá a.

Ọmọ Alákétu · Ọjọ́ Ajé, 8:05 àárọ̀

Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ ti ọmọ. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ọwọ́ yẹn wú lójú mi.

Nọ́ọ̀sì Àgbà · Ọjọ́ Ajé, 8:22 àárọ̀

Àbúrò mi, n kò ní ọwọ́ ò wú. Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ rí ohun tó ta á? Abẹ́ ìdì igi lo wí. Àkeekèé ń gbé ibẹ̀. Aláǹtakùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń sọ yìí, orí koríko lókè omi ló ń gbé, kì í sọ̀kalẹ̀ wá sábẹ́ igi gbígbẹ.

Ọmọ Alákétu · Ọjọ́ Ajé, 8:30 àárọ̀

Kò rí i lóòótọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ pé aláǹtakùn ni. Mo gbà.

Àgbẹ̀ Ọ̀pàrà (Ṣábẹ) · Ọjọ́ Ajé, 1:36 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìrẹsì ni mò ń gbìn nínú àbàtà, lápá odò Ọ̀pàrà. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, kí n sì tún ibì kan ṣe fún Tíṣà.

Tíṣà ní alẹ́ ló ń ta àwọ̀n. Lóòótọ́, alẹ́ ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òfuurufú bá ṣú dùdù, mo ti rí wọn tí wọ́n ń ta á ní aago méjì ọ̀sán. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn ọmọ kékeré wọn, àwọn yẹn kì í dúró de alẹ́. Ẹ sì gbàgbé pé ó ń rìn lójú omi. Bí ẹ bá gbọn ewé tó wà lórí rẹ̀, á já bọ́ sómi, kò ní rì, á sá lójú omi bí ẹni tó ń sá lórí ilẹ̀ gbígbẹ títí á fi bá ewé mìíràn.

Ní ti oògùn: ọdún méjì àkọ́kọ́ tí mo fi gbin ìrẹsì, mo fín. Kòkòrò wẹ́wẹ́ kan wà tó máa ń fò lára ìrẹsì, tó ń fa omi ara ewé títí ewé á fi pọ́n bí ẹni pé oòrùn jó o. Mo fín, wọ́n kú. Kò pé ogúnjọ́, wọ́n tún dé, wọ́n pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo tún fín. Ní ọdún kẹta, owó oògùn kò sí, mo kàn ń wò ó ni. Ìgbà náà ni mo rí i pé aláǹtakùn padà wá, bí mo bá wọ oko láàárọ̀ kùtù, ìrì á wà lára àwọ̀n wọn láti ẹsẹ̀ ìrẹsì kan dé èkejì, kòkòrò afamiewé yẹn ló há síbẹ̀ wìtìwìtì. Kòkòrò náà kò tán. Ṣùgbọ́n kò pọ̀ débi tí ewé fi máa pọ́n. Oògùn tí mo ń fín tẹ́lẹ̀, aláǹtakùn ló ń kọ́kọ́ pa, wọn kì í sì í tètè bí bíi ti ọ̀tá wọn.

Ìyá, ẹ má pa wọ́n.

Tíṣà Kòkòrò · Ọjọ́ Ajé, 4:02 ìrọ̀lẹ́

Bàbá Àgbẹ̀, òótọ́ lẹ wí nípa ọ̀sán tó ṣú. Mo yẹ kí n fi sí i. Ẹ ṣeun.

Oní-zém Kútọnu · Ọjọ́ Ajé, 7:20 alẹ́

Bó bá jẹ́ ẹ̀fọn ló ń jẹ, kí gbogbo wa kúkú kó wọn sí àgbàlá. A ò ní nílò àwọ̀n ẹ̀fọn lórí ibùsùn mọ́, ibà á sì dópin.

Nọ́ọ̀sì Àgbà · Ọjọ́ Ajé, 7:41 alẹ́

Rárá o, ọmọ mi. Ẹ̀fọn Anopheles tó ń gbé ibà kiri, inú yàrá ló máa ń wọlé tọ èèyàn lóru, nígbà tí oorun bá wọra. Aláǹtakùn etí omi kò sí nínú yàrá rẹ. Ó ń dín in kù níta, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n abẹ́ àwọ̀n ni kí ọmọ sùn. Mo ń rí àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ wá pẹ̀lú gìrì nítorí ibà, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọ̀rọ̀ wa yìí kó sì ká àwọ̀n rẹ̀ kúrò.

Ọmọ Àjàṣẹ́ ní Texas · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:18 òru

Ẹ kú àárọ̀ ilé. Ó yà mí lẹ́nu láti rí ọ̀rọ̀ aláǹtakùn yìí, torí ní ìpínlẹ̀ tí mò ń gbé, ọ̀rọ̀ wọn di ìròyìn káyé ní 2007. Ọgbà ìjọba kan wà níbí, Lake Tawakoni. Òjò rọ̀ púpọ̀ lọ́dún náà, kantíkantí tú jáde látinú adágún, àwọ̀n sì bo igi lójú ọ̀nà ọgbà náà tó bí 180 mítà. Ó kọ́kọ́ funfun bí aṣọ, nígbà tó yá ó di pípọ́n nítorí kòkòrò tó há sí i. Àwọn kan kọ́kọ́ rò pé irú aláǹtakùn kan ṣoṣo ni, ìgbà tí wọ́n kó wọn lọ wò, onírúurú ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Tetragnatha guatemalensis ló pọ̀ jù. Àwọn tó sábà máa ń dá gbé, oúnjẹ pọ̀, wọ́n jọ ń gbé pọ̀.

Nítorí náà, Ìyá, ohun tó kó wọn jọ sọ́dọ̀ yín ni kẹ́ ẹ wò. Iná funfun yẹn ń pe kòkòrò láti ọ̀nà jíjìn wá sórí kòtò. Ẹ ti tẹ́ tábìlì fún wọn.

Àlájà Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (Adjarra) · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:55 àárọ̀

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ tán, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn lórí ọjà rẹ̀. Èmi ti ń ta ẹ̀fọ́ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge. Oníbàárà tó bá rí okùn aláǹtakùn lára gbọ̀mà, á sọ ọ́ sílẹ̀, kò ní bi ọ́ ní nǹkan kan.

Má ká ẹ̀fọ́ lójú ọ̀sán. Ní ìdájí, kí o mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí o fi gba orí ebè kọjá jẹ́jẹ́, má ṣe lu ewé. Okùn á yí mọ́ ọ̀pá, aláǹtakùn á já bọ́, á sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Kí o tó ká. Lẹ́yìn náà, fi ìdí ẹ̀fọ́ sínú omi kànga, gbọn orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Omi kòtò ẹja kọ́ o, omi kànga.

Kí o sì fi àyè sílẹ̀ láàárín ebè àti kòtò. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin tó. Ibi tí koríko ti ga ni wọ́n ń fẹ́. Bí ebè rẹ bá lẹ̀ mọ́ etí omi, orí ẹ̀fọ́ ni wọn ó máa so okùn mọ́.

Bàbá Ẹlẹ́ja · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:10 ọ̀sán

Àlájà, ọ̀rọ̀ yín dára, àyàfi ti koríko. Koríko gíga létí kòtò, ejò ló ń kó wá. Èmi máa ń gé tèmi kúrò pátá.

Àlájà Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (Adjarra) · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:34 ọ̀sán

Bàbá, n kò ní kó fi igbó yí ilé ká. Ibi tó ń gbà lọ fún ẹja lóúnjẹ, kó gé e mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹ̀gbẹ́ òdìkejì tí ẹsẹ̀ kì í dé, kó fi í sílẹ̀ kó ga tó orúnkún. Bó bá gé gbogbo rẹ̀, orí ẹ̀fọ́ ni wọn yóò kó lọ.

Bàbá Ẹlẹ́ja · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:41 ọ̀sán

Ìyẹn bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ kí ọmọ má dé òdìkejì yẹn.

Ìyá Gbọ̀mà (Àjàṣẹ́) · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:30 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo dákẹ́, iṣẹ́ ló pọ̀.

Ọkùnrin yẹn dé lọ́jọ́rú tòun ti pọ́ńpù lẹ́yìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ka ohun tí Bàbá Ẹlẹ́ja kọ fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ pé ó ń pa ẹja tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé pọ́ńpù rẹ̀ padà. Ó tún bi mí bóyá omi kànga tiwa jìnnà tó sí oko òun, a sì jọ fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Ọgbẹ́ ọmọ ti ń gbẹ. Mo gbé iná kúrò lórí kòtò, mo gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọgbà, a sì ń pa á ní aago mẹ́sàn-án. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí n tó pa á, mo rí kòkòrò pupa òun dúdú yẹn mẹ́ta lára ògiri lábẹ́ iná, gẹ́lẹ́ bí Nọ́ọ̀sì ṣe júwe rẹ̀. Ara mi gbọ̀n. Mo fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo lọ sí òdìkejì kòtò pẹ̀lú ọkọ mi. Àwọ̀n tẹ́ lókè omi bí ẹní, ìkan lókè ìkan, ihò wà láàárín bí Tíṣà ṣe wí. Lórí ìkan, abo dúró sẹ́bàá ihò, ẹ̀fọn kan kọ lu okùn, kí n tó mí, ó ti dé ibẹ̀, ó ti fi ẹ̀mú gbé e. Lórí koríko kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, méjì kọjú síra wọn, wọ́n fi ẹnu há ara wọn, wọn kò mira fún ìgbà pípẹ́. Akọ tẹ́ẹ́rẹ́ ju abo lọ. Ọkọ mi ní ká pa tọ́ọ̀ṣì, ká má yọ wọ́n lẹ́nu.

Ọ̀pá Àlájà ṣiṣẹ́. Mo ta gbogbo gbọ̀mà mi lónìí, ẹnikẹ́ni kò dá èyíkéyìí padà. Ìbéèrè mi tó kù: mo rí nǹkan funfun kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ewé, bí òwú tí wọ́n tẹ̀ pẹrẹsẹ, àwọn kókó kékeré tó dúdú díẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ṣé tiwọn ni? Ṣé kí n fi í sílẹ̀?

Tíṣà Kòkòrò · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:05 alẹ́

Ìyá, àpò ẹyin wọn nìyẹn. Àwọn kókó yẹn ló fi ń jọ ìgbẹ́ ẹyẹ, kí ọ̀tá má baà fura. Ewé wo ló wà?

Ìyá Gbọ̀mà (Àjàṣẹ́) · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:11 alẹ́

Ewé esùsú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo fẹ́ gé lọ́la.

Tíṣà Kòkòrò · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:14 alẹ́

Ẹ fi ọ̀bẹ gé ewé yẹn nìkan, tòun ti igi rẹ̀, kẹ́ ẹ gún un mọ́lẹ̀ ní òdìkejì. Ẹ má fọwọ́ kan òwú yẹn.

Ìyá Gbọ̀mà (Àjàṣẹ́) · Ọjọ́ Àìkú, 6:52 àárọ̀

Mo ti gbé e lọ. Àpò mẹ́rin ni mo rí nígbà tí ilẹ̀ mọ́.